Ẹ̀yin oní-píkọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé imú ọkọ̀ sókè, ínṣì 2 ti tó o!

Ẹ ṣáà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fún wákàtí kan péré, kẹ́ ẹ máa wo àwọn píkọ́ọ̀pù tó ń kọjá. Hilux lẹ ó máa rí jù, Tacoma tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Amẹ́ríkà náà á wà níbẹ̀, Mitsubishi L200 àti Nissan ò ní í ṣàì sí. Bẹ́ ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà tí ìdí wọn ga ju imú lọ, àfi bí ọkọ ìyàwó tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fáwọn àna ẹ̀. Àwọn kejì ni tiwọn dọ́gba gbọnrangandan, imú wọn sókè, táyà wọn ki pọ́pọ́, ọkọ̀ ọ̀hún á wá dà bí èyí tó ń wá ẹni tó máa bá jà. Irú kejì yìí ló ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn, òun náà lọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ló ṣe é. Iṣẹ́ ọ̀hún ò sì ju ti ọjọ́ kan lọ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ti ní sípánà lọ́wọ́ máa sọ pé òun mọ̀ ọ́n. "Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú, nǹkan kékeré ni," ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Lóòótọ́, nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n nídìí táyà iwájú ló wà, níbi tí sítíárìn, bíréèkì àti sípíríǹgì ti pàdé, ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń dán iṣẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹrù ni wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù fún. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn yẹn, á ti ìdí ọkọ̀ sókè. Ẹ wá kó àpò sìmẹ́ǹtì 15 sí i, ẹ rántí pé kílò 50 ni àpò kan, ìdí ọ̀hún á wálẹ̀, ọkọ̀ á sì dọ́gba. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò ṣèèṣì, wọn ò gbàgbé ohunkóhun sílẹ̀. Wọ́n ti ro ti ẹrù mọ́ ọn ni.

Kí ló wá ń mú kéèyàn fẹ́ gbé imú ẹ̀ sókè? Ìdí tó nílàárí wà. Ẹ wo ẹni tó de gáàdì irin ńlá mọ́ iwájú Hilux ẹ̀. Irin ọ̀hún wúwo, tó bá sì ti pẹ́ díẹ̀, sípíríǹgì iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń lọ sóko l'Ókè-Ògùn, tàbí tó ń lọ sí sáìtì tí katakata ti gé ilẹ̀ ẹ̀ sí poro, tí abẹ́ bọ́ńpà ń ha ilẹ̀ gààrà-gààrà. Ẹlòmíì, táyà tó tóbi díẹ̀ ló fẹ́ lò, táyà náà sì ń ha fẹ́ńdà nígbàkígbà tó bá yí sítíárìn. Ìdí gidi nìwọ̀nyẹn. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, fáàrí ni. Wọ́n rí Hilux tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ àwọn olóṣèlú pẹ̀lú sáírìn, ọkàn wọn bá fà sí i. A ò bá wọn jà, owó wọn ni.

Ẹni tá a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an ni ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun. Ìyá tó ń fi kó ẹyin wọ Èkó láàárọ̀, ọkùnrin tó ń kó búlọ́ọ̀kù àti irin kiri, àgbẹ̀ tó ń kó pákí lọ síléeṣẹ́ gàrí. Bírú wọn bá gbé imú ọkọ̀ sókè, ọkọ̀ á rèwà lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí ẹrù. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á di ẹrù sí i, ìdí á wálẹ̀ bó ṣe máa ń wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n imú ò ní í sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ á wá gbójú sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Iná iwájú tó yẹ kó máa tàn sílẹ̀ títì á máa tàn sójú dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ lóru láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Bí ẹrù bá tún gùn kọjá táyà ẹ̀yìn, á máa gbé imú sókè sí i, sítíárìn á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà bí ẹni pé omi lọkọ̀ ń rìn lórí ẹ̀. Èrò tiwa ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò kó gbé imú ọkọ̀ sókè rárá. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ni kó lọ wá nǹkan ṣe sí, kó sì dín ẹrù kù.

Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ṣe é? Ó dáa. Ẹ má tíì náwó. Ẹ wá téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, kẹ́ ẹ páàkì ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn ríìmù lọ sí etí fẹ́ńdà tó wà lókè ẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí apá kan bá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sípíríǹgì ló ti rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo bí ogún ọdún láyé, tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun kó tó wá sọ́dọ̀ wa, tó tún wá pàdé kòtò wa, kí lẹ rò pé ojú sípíríǹgì ẹ̀ ti rí? Téèyàn bá wá lọ gbé irin lé sípíríǹgì tó ti rẹ̀, àfi bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orí aláìsàn. Orí ga sí i lóòótọ́, àìsàn ṣì wà lára. Sípíríǹgì tuntun méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, lè dá ínṣì tó sọnù padà láì jẹ́ pé ẹ fi nǹkan mìíràn kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń parí síbẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n máa ń há sáàárín sípíríǹgì ńkọ́? Ó rọ̀ lówó, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Àwa ò fẹ́ràn ẹ̀ fún píkọ́ọ̀pù. Ibi tó bá há sí ò ní í lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù sípíríǹgì lá wá máa ru gbogbo wàhálà. Tó bá sì já bọ́ lápá kan lójú ọ̀nà oko, ọkọ̀ á dà bí arọ.

Ó ku ká mọ irú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní, nítorí iṣẹ́ wọn ò jọra. Àwọn kan, bíi Nissan Hardbody, L200 fóò-wíìlì ti àwọn ọdún 1990 àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Hilux fóò-wíìlì tó jáde kó tó di 2005, kò sí sípíríǹgì wíwé níwájú wọn. Ọ̀pá irin gígùn kan ló wà lábẹ́ ọkọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá náà ló ń lọ́ tí táyà bá gòkè tàbí tó bá sọ̀. Bóòtì ńlá kan wà nídìí ọ̀pá yìí. Tí wọ́n bá yí i, imú ọkọ̀ á gòkè. Kò sí nǹkan tí wọ́n máa rà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wu èèyàn láti yí i títí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ ná kí wọ́n tó yí i, kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n yí i lọ́tùn-ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye kan náà lósì, kí wọ́n gbé e wálẹ̀, kí wọ́n wà á díẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sọ pé ó tó.

Hilux tó jáde láti 2005 wá sí àsìkò yìí yàtọ̀, Tacoma ti 2005 sókè náà sì yàtọ̀. Sípíríǹgì wíwé ló yí ṣọ́ọ̀kì wọn ká níwájú, àwọn méjèèjì wà papọ̀ bí ọmọ inú ìyá kan. Irin róbótó kan tí wọ́n ń pè ní sípésà ni wọ́n máa ń fi sí orí ẹ̀ kí wọ́n tó dè é padà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìdí ṣọ́ọ̀kì ò jókòó sórí táyà tààrà. Àárín lówà áàmù, irin tó na ọwọ́ láti ara ṣásí lọ sídìí táyà, ló jókòó sí. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn láàárín méjì, ẹ ó rí i pé etí ilẹ̀kùn lọ jìnnà ju ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ tì lọ. Bọ́rọ̀ sípésà náà ṣe rí nìyẹn. Sípésà tó nípọn ní ínṣì 1 á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé imú ọkọ̀ sókè ní ínṣì 2. Ẹni tó bá wá wọ Ládípọ̀ tó ní kí wọ́n fún òun ní "ínṣì méjì," tí wọ́n wọn irin tó nípọn ní ínṣì 2 fún un, ọkọ̀ ẹ̀ á gòkè tó bí ínṣì 4. Ìyẹn ti kọjá ohun tí iwájú ọkọ̀ náà lè gbà láì jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ nǹkan mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé ìnípọn irin lẹ̀ ń sọ ni, àbí gíga ọkọ̀? Bí kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ní ti bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín, ẹ má lọ jókòó sílé ọlọ́tí. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni wọ́n gbọ́dọ̀ páàkì ọkọ̀ sí, kì í ṣe orí iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ti rin. Wọ́n á fi igi tàbí òkúta há táyà ẹ̀yìn, wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí jáàkì tó gbé e. Tí jáàkì bá ti gbé e tán, ṣásí gbọ́dọ̀ jókòó sórí sítáńdì irin, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibí yìí la ti ń bínú sí àwọn mẹkáníìkì wa. Ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́, ọmọ ọlọ́mọ, tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 2, tó jẹ́ jáàkì kan ṣoṣo, tàbí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé, ló gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Tí táyà bá ti kúrò, wọ́n á tú línkéèjì lápá méjèèjì, wọ́n á tú bóòtì tó de ìdí ṣọ́ọ̀kì mọ́ lówà áàmù, ó wá ku orí ẹ̀. Nọ́ọ̀tì kéékèèké 3 ló wà níbẹ̀, wọ́n yí nọ́ọ̀tì ńlá kan ká láàárín. Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọn nọ́ọ̀tì 3 ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni kí wọ́n tú. Tàárín yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun ló ká sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì tó lágbára láti gbé iwájú ọkọ̀ dúró, tí wọ́n wá ká mọ́lẹ̀, tó bá ráyè já, bí ọta ìbọn ló ṣe máa fò. Ó lè pààyàn. Sípésà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ àárín sípíríǹgì àti ìjókòó ẹ̀ ni wọ́n ń fi sí, tó jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì àárín. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún kíká sípíríǹgì mọ́lẹ̀ wà fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mẹkáníìkì yín ò bá ní in, tó ń wá okùn tàbí wáyà kiri, ẹ sọ fún un pé kó máa bọ̀, sípésà orí lẹ máa lò.

Ti sípésà orí, odindi ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ni wọ́n á yọ jáde papọ̀, wọ́n á de sípésà mọ́ orí ẹ̀, wọ́n á wá gbé e padà síbi tó ti wá. Nítorí pé ó ti gùn sí i, wọ́n á ní láti fi irin tẹ lówà áàmù wálẹ̀ kó tó lè wọlé. Kí wọ́n ṣọ́ra fún okùn bíréèkì lásìkò yìí, kó má lọ jẹ́ òun lá máa fa gbogbo ẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe. Bóòtì tó bá gba inú rọ́bà búùṣì kọjá, wọn ò gbọdọ̀ fún un pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ká gbé ọkọ̀ wálẹ̀, kó jókòó sórí táyà ẹ̀ ná, ká wá fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á lọ́ síbi tí kò yẹ, á sì ya láìpẹ́. Ní ti igi tàbí páìpù tí wọ́n gé tí wọ́n wá ń jó mọ́ra lọ́dọ̀ wẹ́dà dípò sípésà, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Kí táyà tó padà sílẹ̀, kí ẹnì kan yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún, kó yí i dé ìpẹ̀kun lósì. Ẹ̀yin ẹ wo okùn bíréèkì àti wáyà tó ń lọ sídìí táyà. Bó bá nà tan-an-tan, iṣẹ́ ò tíì parí.

Bí iwájú ọkọ̀ yín bá ní ṣáàfù, ìyẹn tó bá jẹ́ fóò-wíìlì, ẹ wò ó bóun náà ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbọọrọ láti ibi jíà dé ìdí táyà. Ní báyìí, ó ti dagun. Ní ínṣì 2, á ṣì fara dà á. Tó bá di ínṣì 3 lọ sókè, rọ́bà tó bo oríkèé ẹ̀ á máa ká jù, á ya, gíríìsì á fọ́n sára ríìmù, iyanrìn á wọlé. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tẹ́ ẹ bá ń yíwọ́. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì òkè náà á ti sún mọ́ ìpẹ̀kun ibi tó lè yí dé. Tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì bá yọ lórí eré, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà ò sì ní sítíárìn mọ́. Ìdí tá a fi ń pariwo ínṣì 2 nìyẹn o.

Ohun tó tún máa bá a rìn ni pé táyà á ti yí ìdúró padà. Ó lè ya sóde lókè, ó lè máa wo ibi tí kò yẹ, sítíárìn sì lè má fẹ́ padà sáàárín fúnra ẹ̀ mọ́ tẹ́ ẹ bá yíwọ́ tán. Táyà tuntun tẹ́ ẹ fowó iyebíye rà á jẹ lápá kan kí oṣù díẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà, láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ àwọn aláíǹmẹ́ǹtì oníkọ̀ǹpútà lọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Kẹ́ ẹ fi owó aláíǹmẹ́ǹtì mọ́ owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá ní in, kò tíì ní owó tó fi máa gbé imú ọkọ̀ sókè. Tẹ́ ẹ bá délé, kẹ́ ẹ wá ibi tí ògiri wà lálẹ́, kẹ́ ẹ tan iná, kẹ́ ẹ ní kí rewáyà fi sukuduráfà yí iná méjèèjì wálẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ.

Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti gbé iwájú sókè, kò sí ibi tọ́kọ̀ ò lè gbà mọ́. Ẹ má tan ara yín. Orí ìdí ọkọ̀ tó rí róbótó lábẹ́ lẹ́yìn, dìfúrẹ́ńṣà, kò kúrò níbi tó wà. Sípésà iwájú ò kàn án, táyà tó bá ga sí i nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Òkúta tó bá kọjá lábẹ́ imú lè dúró dè é lábẹ́ ìdí. Omi náà ńkọ́? Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú ò fi ju ínṣì 2 náà lọ ga sí i. Ẹni tó bá wo omi Lẹ́kkí nígbà òjò, tó ní òun á wọ inú ẹ̀ nítorí sípésà, kó má dá mẹkáníìkì lẹ́bi tí ẹ́ńjìnnì bá mumi yó.

Ìrìn ọkọ̀ náà á yí padà díẹ̀. Táyà tó ti ń sọ̀ dáadáa sínú kòtò tẹ́lẹ̀ ò ní àyè tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti sọ̀, nítorí pé ara ibi tó yẹ kó sọ̀ sí lẹ ti lò fún gíga. Tó bá bọ́ sí kòtò jíjìn, á dún gbàà lókè. Ẹ dín eré kù. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ dá ọkọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi sípánà yẹ gbogbo bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n tú wò, kẹ́ ẹ sì mú ìwé tẹ́ ẹ kọ gíga ọkọ̀ sí dání, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí gíríìsì lára ríìmù kó tó dìgbà náà, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́, tàbí tí bíréèkì bá ń fà sápá kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.